Ìlà Kan Nínú Ìwé Ìsìnkú

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lábẹ́lẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á dípò kí ẹ gbọ́ ọ nítorí dátà, ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ ló wà níbí, àfi ariwo jẹnẹrétọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí gbogbo wa jọ rí. Oṣù June 2024, lẹ́yìn Iléyá, àwòrán ọkùnrin kan lórí ẹṣin gba orí fóònù gbogbo wa kan: Farooq Oreagba, jígí dúdú lójú, ẹṣin ń jó lábẹ́ rẹ̀. Ojúde Ọba ni. Àwọn tí kò mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú rí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń gbà láti Èkó dé ibí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fáàrí lásán nìyẹn o. Ìdílé àwọn Balógun ló ń gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀, ìyẹn ìdílé àwọn tó jagun. Balógun Kúkù ti wà nínú ilẹ̀ láti 1907, síbẹ̀ ọdọọdún ni àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń yìnbọn, tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ síta níwájú ọba. Ó dùn mọ́ mi. Ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Àwọn jagunjagun mìíràn wà ṣá, tí ẹnikẹ́ni kì í gun ẹṣin nítorí wọn.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, mo máa ń kó ìwé ètò ìsìnkú jọ. Tí mo bá lọ síbi òkú àgbà, yálà ní Ìtòrò ni o, yálà ní abúlé ni, ìwé yẹn ni mo máa ń wá kí n tó wá ìrẹsì. Ẹ ó rí ìgbésí ayé olóògbé níbẹ̀: ọdún tí wọ́n bí wọn, ilé ìwé tí wọ́n lọ, ìgbà tí wọ́n gbéyàwó, iye ọmọ, iye ọmọ ọmọ, ẹgbẹ́ tí wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, oyè tí wọ́n jẹ. Nínú ìwé àwọn bàbá tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1926, ẹ ó máa rí ìlà kan láàárín pé wọ́n sìn nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ìlà náà parí síbẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ òwò pákó.

Ìlà kan ṣoṣo! Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin nínú ayé ènìyàn, nílẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kò gbúròó rí, wọ́n ká a pọ̀ bí ẹní ka ẹní. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí dá lórí bàbá kan tí ìlà tirẹ̀ kò ká mọ́ ibẹ̀. Orúkọ wọn ni Isaac Fadoyebo. Wọn kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú. Ẹmùrè-Ilé ni wọ́n ti wá, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé mi máa bi mí pé ṣé kò sí sójà ní Ìjẹ̀bú ni. Wọ́n wà o, wọ́n pọ̀. Àmọ́ Bàbá Fadoyebo jókòó, wọ́n kọ tiwọn sílẹ̀, a sì lè tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá ti gbọ́ tiwọn, ẹ ó mọ ohun tó wà lábẹ́ ìlà kan ṣoṣo tó wà nínú ìwé bàbá tiyín.

Ohun kan tún kọ́kọ́ wà. Ní 1892, oṣù May, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọn. Ní 1942, àádọ́ta ọdún géérégé lẹ́yìn rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló ń wá ọmọ wa pé kí wọ́n wá bá àwọn jà. Ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ bá Òyìnbó jà, òun fúnra rẹ̀ wọ káńkì Òyìnbó. Àwọn kan fínnú fíndọ̀ lọ, wọ́n fi tipá mú àwọn mìíràn. Lápapọ̀, nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó lọ sí Éṣíà láti lọ bá àwọn ará Jàpáàn jà ní Bọ́mà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ìdí tí àwọn àgbà fi ń pe ẹnì kan ní Bàbá Bọ́mà nìyẹn. Àwọn tó wà ní ìpín ogun kọkànlélọ́gọ́rin wọ àmì aláǹtakùn sí apá aṣọ wọn, Anansi inú àlọ́ àwọn ará Gánà. Aláǹtakùn kékeré tó ń fi ọgbọ́n borí ẹranko ńlá, mo fẹ́ràn ẹni tó ronú kan àmì yẹn.

Ọmọ ọdún 16 ni Isaac nígbà tó sá kúrò nílé lọ wọṣẹ́ sójà ní 1942. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ìgbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé ni mo fi ń pè é ní “ó”. Tó bá dàgbà tán, a ó padà sí “wọ́n”.) Ó ti ka ìwé díẹ̀, nítorí náà wọn kò gbé ìbọn fún un láti máa yìn. Wọ́n fi í sí ẹ̀ka ìṣègùn, kó máa di ọgbẹ́ fún àwọn tó fara pa. Ẹ wo ọmọ ọdún 16 tó wà ládùúgbò yín báyìí, èyí tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn fúláwà yẹn, kí ẹ tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Àfonífojì odò Kaladan ni wọ́n rán àwọn ọmọ ogun aláǹtakùn lọ, ní agbègbè Arakan ní Bọ́mà. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi la ọ̀nà gba inú òkè àti igbó. Ọkọ̀ òfurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn láti òkè, tí wọ́n á ṣà á, tí wọ́n á gbé e lé orí. Bẹ́ẹ̀ ni o, orí ni wọ́n fi ru ogun yẹn. Àwọn ọ̀gágun Òyìnbó kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ó yà àwọn lẹ́nu. Kò lè ya ẹni tó ti rí obìnrin wa tó ń bọ̀ láti oko lẹ́nu.

Ní oṣù March 1944, létí odò Kaladan, ní ibi kan tí wọ́n ń pè ní Nyron, àwọn ọmọ ogun Jàpáàn ká ikọ̀ ìṣègùn tí Isaac wà nínú rẹ̀ mọ́. Òjijì ni ìbọn bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ kú. Ọta fọ́ eegun ẹsẹ̀ Isaac, òmíràn bà á níkùn. Àwọn ará Jàpáàn dé, wọ́n wò ó, wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa kú lọ. Kò lè dìde. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, tí òun náà gbọgbẹ́, ni wọ́n ṣẹ́ kù. Ìlú tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró nìyẹn. Ọmọ Ẹmùrè àti ọmọ Sàró, nínú igbó Bọ́mà, wọn kò gbọ́ èdè ibẹ̀, oògùn tán, oúnjẹ tán, ọ̀tá wà yí wọn ká.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí rí wọn. Àgbẹ̀ ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wọ́n. Wọ́n lè lọ tú àṣírí. Àwọn ará Jàpáàn ló wà lórí ilẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá gbé ọ̀tá wọn pamọ́. Wọ́n gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó dípò bẹ́ẹ̀. Òjò Arakan kì í ṣe òjò tí ènìyàn ń wà níta fún. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà, Shuyiman, gbé àwọn méjèèjì wọ inú ilé ara rẹ̀, sáàárín ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ń bọ́ wọn nínú ìrẹsì tí òun fúnra rẹ̀ kò ní tó.

Oṣù mẹ́sàn-án ni. Láti March títí di December 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó tó wọ agbègbè náà rí wọn. Oṣù mẹ́sàn-án tí ìyá rẹ̀ kò fi lè gbọ́ ohùn rẹ̀ ní Ẹmùrè. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ìwé kò sábà dúró lé e lórí: ìyàwó Shuyiman náà ń kọ́? Ta ló ń se oúnjẹ yẹn? Ta ló ń sọ fún àwọn ọmọ kéékèèké pé wọn kò gbọdọ̀ dárúkọ àlejò inú ilé tí wọ́n bá ń ṣeré níta? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọdún mẹ́rin nílé, ẹ mọ bí ìyẹn ti le tó.

Ó padà sílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́, títi ni ó ń ti ẹsẹ̀ rìn títí ayé rẹ̀. Ó wọṣẹ́ ìjọba. Ó gbéyàwó, ó bímọ, ó kọ́ wọn níwèé. Láti ibí lọ, “wọ́n” ni mo máa pè wọ́n, nítorí wọ́n ti di Bàbá. Wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń san owó ilé ìwé, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ohun tó ṣe ìyanu nínú rẹ̀, àbí? Mo rò pé ohun tó ṣe ìyanu jù nínú gbogbo ìtàn yìí gan-an nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ bí òkú ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ló wá ń bínú pé ta ló fi iná kíṣìnnì sílẹ̀ láìpa.

Bí wọ́n ti ṣe àwọn sójà náà lẹ́yìn ogun, mo máa sáré kọjá lórí rẹ̀ nítorí inú máa ń bí mi. Ìwé ìjọba kan tí àwọn oníròyìn Al Jazeera gbé jáde ní 2019 fi hàn pé owó ìdágbére tí wọ́n fún sójà dúdú kéré gan-an sí ti Òyìnbó tí wọ́n jọ wà ní ipò kan náà. Ti Òyìnbó lè tó ìlọ́po mẹ́ta. Ní Accra, ọjọ́ 28 oṣù February 1948, àwọn sójà Bọ́mà rìn lọ bá gómìnà láti bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀tọ́ wọn. Ọlọ́pàá yìnbọn pa mẹ́ta nínú wọn: Sergeant Adjetey, Corporal Attipoe àti Private Odartey Lamptey. Wọ́n ti sá lọ́wọ́ ìbọn Jàpáàn kí wọ́n tó wá kú nílé. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ni pé wọ́n dákẹ́. Bàbá kan wà ládùúgbò tí mo dàgbà sí níbí, gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n ní Bàbá Sójà. Tí a bá bi wọ́n léèrè ogun, wọ́n á ní, “Ṣé ẹ ti jẹun?” Bí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn náà nìyẹn. A máa jẹun, a máa lọ. Wọ́n máa ń jí ní agogo mẹ́rin àárọ̀, wọ́n á lọ aṣọ wọn títí tí ìlà rẹ̀ á fi dà bí abẹ, wọn kì í sì í jókòó kí wọ́n kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ wọn ọkùnrin sọ fún mi pé ohun tí òun mọ̀ nípa Bọ́mà kò ju pé òjò ibẹ̀ pọ̀.

Bàbá Fadoyebo kò dákẹ́. Wọ́n kọ ọ́. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ ọ́, láìṣe àṣejù, bí òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń kọ ìròyìn fún ọ̀gá rẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀. Ìwé náà dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Imperial War Museum ní London. Ní 1999, Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú àkọlé A Stroke of Unbelievable Luck. Bàbá gba àkọlé yẹn gbọ́: oríire ni wọ́n pe gbogbo rẹ̀. Ọta méjì lára, oṣù mẹ́sàn-án nínú ìfarapamọ́, ẹsẹ̀ tó ń ti, oríire.

Kì í ṣe àwọn nìkan ni ìran wa fi ogun yẹn ṣe ìwé. Biyi Bandele, tó kú ní 2022, bàbá tirẹ̀ náà jagun Bọ́mà, ohun tó gbọ́ lẹ́nu wọn wà lára ohun tó fi kọ ìwé ìtàn Burma Boy ní 2007. Ṣé ẹ rí i? Bàbá kan sọ̀rọ̀, ọmọ kan gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò kékeré kan fún yín. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 ní 1942, tó bá wà láyé, á ti súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 ní 1967 nígbà tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀, ó ti lé díẹ̀ ní ọdún 75 báyìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bàbá bàbá yín tó wà ní pálọ̀, tó ń wo ìròyìn. Àwọn tí ECOMOG kó lọ sí Liberia láti 1990, àwọn àbúrò bàbá yín nìyẹn, àwọn kan lára wọn wà lórí WhatsApp ìdílé tí wọ́n ń fi àdúrà àárọ̀ ránṣẹ́. Àwọn kan ń gbé ọtí wá sí ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan ń gbé ẹ̀rín wá sí i.

Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nígbà mélòó kan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. “Báwo ni ogun ṣe rí?” kì í ṣe ìbéèrè, ògiri ni. Ẹnikẹ́ni kò lè dáhùn rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹ béèrè irú bàtà tí wọ́n wọ̀, ṣé ó mú wọn lẹ́sẹ̀. Ta ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, níbo ló ti wá, irú orin wo ló máa ń kọ. Kí ló wà nínú àpótí tí wọ́n gbé padà wálé. Bàbá kan tó lọ sí ogun abẹ́lé bá mi sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀ nìkan, bí wọ́n ṣe ń wá iyọ̀. Orí iyọ̀ yẹn la wà títí tí wọ́n fi dárúkọ ọ̀rẹ́ wọn tí kò bọ̀. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó tan fóònù, kí ẹ gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ má gbé e sí wọn lójú bí ẹni ń ya TikTok. Tí wọ́n bá ní ó tó, ó tó nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ Shuyiman.

Láti ìgbà tí Bàbá ti fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní December 1944, wọn kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Kò sí fóònù, kò sí àdírẹ́sì, ogun tún wà ní Bọ́mà lẹ́yìn ogun. Ọmọ wọn, ọmọ ọmọ wọn, gbogbo ẹni tó ń jẹun nínú ilé Fadoyebo, inú ìkòkò ìrẹsì ọkùnrin yẹn ni wọ́n ti wá, wọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe máa dúpẹ́. Nílẹ̀ wa, ẹ mọ bó ṣe rí tí ènìyàn bá jẹ gbèsè ọpẹ́. A máa ń gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì, “ẹ ṣé àná.” Ti Bàbá, àná yẹn di ọdún 67.

Oníròyìn kan, Barnaby Phillips, ka ìwé wọn, ó wá wọn rí ní Nàìjíríà. Bàbá kọ lẹ́tà kan lé e lọ́wọ́. Ní 2011, ó wọ Bọ́mà, ó wá agbègbè odò Kaladan lọ, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ó rí ìdílé Shuyiman. Shuyiman ti kú, ó ti pẹ́. Àmọ́ wọ́n mọ ìtàn náà, wọn kò gbàgbé àwọn ọkùnrin dúdú tí bàbá wọn gbé pamọ́. Ó ka lẹ́tà Bàbá fún wọn. Al Jazeera ṣe fíìmù rẹ̀ lọ́dún náà, Phillips sì kọ ìwé Another Man's War jáde ní 2014. Ẹ wo fíìmù náà, kò gùn. Ẹ má wò ó nínú ọkọ̀ èrò tí ẹ kò bá fẹ́ kí ènìyàn máa bi yín pé kí ló ṣe yín.

Bàbá Isaac Fadoyebo kú ní oṣù November 2012, wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 86.

Lọ́dún kan náà, ní oṣù June, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Arakan, tí wọ́n ń pè ní Rakhine báyìí, wọ́n sì ń sun ilé àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀. Nígbà tó di 2017, ó lé ní 700,000 ènìyàn tó sá kọjá ẹnubodè lọ sí Bangladesh. Rohingya ni ayé ń pè wọ́n. Àwọn ènìyàn Shuyiman nìyẹn. Tí ẹ bá rí àwòrán wọn lórí fóònù yín, nínú àgọ́ tápólì, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ẹ̀yin ará Ẹmùrè àti ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, a mọ̀ wọ́n o. A ti jẹun nílé wọn rí.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyá kan tó ta gààrì láti ibí lọ sí Èkó fún ogójì ọdún ló máa jókòó tì mí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé àwọn kò ní dáhùn ìbéèrè ọjọ́ orí. Ó dìgbà náà.